Wọ́n Ní Ìwádìí Ti Fi Hàn: Báwo Ni Wọ́n Ṣe Wá A?

Linus Pauling gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé ìwé jáde ní 1970 pé fítámì C ń dènà ọ̀fìnkìn, ta ni yóò bá a jiyàn? Ó ka ìwádìí, ó sì ń tọ́ka sí i. Ṣùgbọ́n ní 1994, Paul Knipschild, onímọ̀ ará Netherlands, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn BMJ pé nígbà tí àwọn tún ìwádìí wọ̀nyí wá látìbẹ̀rẹ̀, àwọn rí i pé Pauling kò mẹ́nu kan díẹ̀ lára èyí tí wọ́n ṣe dáadáa jù. Kò pọn dandan kó jẹ́ pé baba náà fẹ́ tan ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá èrò ọkàn ẹni mu kì í pẹ́ hàn sí ojú.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ ìṣègùn fi ń kìlọ̀ fún dókítà ọ̀dọ́ pé, bó bá gbé àtúnyẹ̀wò ìwádìí lọ́wọ́, kó má sáré lọ sí ìparí rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe é ni kó kọ́kọ́ ṣí. Níbo ni wọ́n ti wá ìwádìí? Èwo ni wọ́n yọ sílẹ̀, kí sì nìdí? Bí kò bá rí ìdáhùn, èrò ẹnì kan ló ń kà, bó ti wù kí orúkọ onítọ̀hún ga tó. Dókítà Cynthia Mulrow yẹ 50 irú àtúnyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ wò ní 1987, láti inú ìwé ìròyìn ìṣègùn ńlá mẹ́rin. Ẹyọ kan péré ló sọ kedere bí wọ́n ṣe wá ìwádìí, bí wọ́n ṣe ṣà á, àti bí wọ́n ṣe dán an wò.

Èyí kò sọ pé narrative review, ìyẹn àtúnyẹ̀wò tí kì í sábà sọ bí wọ́n ṣe wá ìwádìí, kò wúlò. Ẹni tó fẹ́ mọ bí àrùn ṣe ń gbilẹ̀ nínú ara, ibẹ̀ ni kó lọ. Scoping review náà, tí àwọn onímọ̀ méjì, Arksey àti O'Malley, la ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005, ń fi ibi tí ìwádìí pọ̀ sí àti ibi tí kò tíì dé hàn. Àmọ́ kí dókítà má tìtorí ọ̀kankan nínú méjèèjì pààrọ̀ oògùn aláìsàn.

Àwọn tó ń ṣe systematic review ní tiwọn máa ń kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Orí ìkànnì PROSPERO, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, ni ọ̀pọ̀ ń fi ètò wọn sí, kí ojú lè tó wọn bí wọ́n bá yí ìbéèrè padà nígbà tí èsì kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ó kéré tán, ẹni méjì ló yẹ kó ṣa ìwádìí náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Meta-analysis kì í ṣe orúkọ mìíràn fún systematic review o! Ìṣirò tó ń pa èsì pọ̀ di ọ̀kan ni, ẹni tí kò fara balẹ̀ wá ìwádìí náà sì lè ṣe é.

Bí ìṣirò náà bá bọ́ sí ọwọ́ gidi, ó ń gba ẹ̀mí là. Ní 1972, Liggins àti Howie ní New Zealand fi hàn pé abẹ́rẹ́ steroid fún aboyún tó fẹ́ bímọ láìtọ́jọ́ ń ran ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lọ́wọ́. Ìdánwò mìíràn tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kéré jù láti dá parí ọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n kó wọn pọ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni iyèméjì kúrò. Èsì méje nínú wọn ni àjọ Cochrane, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, yà sínú àmì ìdánimọ̀ rẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo ti oògùn ivermectin nígbà Kòrónà. Àwọn àtúnyẹ̀wò kan ṣírò pé ó ń dín ikú kù, ìwádìí kan láti Íjíbítì sì wà lára ohun tó gbé èsì náà ró. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní London ló kà á fínnífínní, tó rí i pé wọ́n da ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ. Nígbà tí wọ́n tún tú àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò, àwọn aláìsàn kan fara hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù keje 2021. Bí àwọn tó ṣe ọ̀kan nínú àtúnyẹ̀wò náà ṣe yọ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kúrò, ìdínkù ikú náà kò dúró mọ́. Ẹja rírà kan ti ba ìkòkò ọbẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ìbéèrè kan kù tí dókítà ilẹ̀ Áfíríkà kò gbọdọ̀ gbàgbé: àwọn wo ni wọ́n fi ṣe ìdánwò? Ní 2005, ìwádìí kan ní Éṣíà fi hàn pé artesunate sàn ju kuiníìnì lọ fún ibà tó le, àmọ́ àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló máa rí fún ọmọ wa? Ìdánwò tí wọ́n pè ní AQUAMAT ló dáhùn ní 2010, pẹ̀lú ọmọdé 5,425 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́sàn-án, Ìlọrin sì wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó gba kuiníìnì, bíi mọ́kànlá ló kú; nínú àwọn tó gba artesunate, kò tó mẹ́sàn-án. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n lò ó fún ọmọdé náà.

AMSTAR 2, tó jáde ní 2017, ní ìbéèrè 16 tí a fi ń yẹ systematic review wò, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ̀yin dókítà ọ̀dọ́, kí journal club yín tó ń bọ̀ tó dé, ẹ fi yẹ àtúnyẹ̀wò tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé jù wò.