Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Sọ Ilé Wáìnì Àtijọ́ Di Ilé Aráàlú

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe ilé àtijọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Oko àjàrà Gúúsù Áfíríkà ni mo fẹ́ kí ẹ fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Ní 1685 ni Simon van der Stel dá oko Groot Constantia sílẹ̀ lẹ́bàá Cape Town. Ní 1791, ìdílé Cloete kọ́ ilé tí wọ́n ń tọ́jú wáìnì sí lórí oko náà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni lónìí.

1. Ẹ kọ́kọ́ wádìí àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Orúkọ olóko kì í sọnù. Orúkọ ẹrú tó gbin àjàrà ló máa ń sọnù. Láti Madagascar, Mozambique, Íńdíà àti erékùṣù Indonéṣíà ni wọ́n ti kó wọn wá. Kódà ní 1658, ọkọ̀ Hasselt kó ẹrú láti etíkun Pópó, ní ilẹ̀ Benin òde òní, lọ sí Cape, ìyẹn agbègbè Cape Town. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ní oko àjàrà Solms-Delta, ní Gúúsù Áfíríkà kan náà, wọ́n sọ ilé wáìnì ọdún 1740 di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn ẹrú oko náà sára ògiri. Iṣẹ́ ọmọlúàbí nìyẹn.

2. Ẹ má fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri àtijọ́. Ìkarahun òkun ni àwọn ará Cape ń jó láti fi ṣe ẹfun ìrẹ́lé. Omi tó bá wọ irú ògiri bẹ́ẹ̀ ń rí ọ̀nà gbẹ. Sìmẹ́ǹtì á dí ọ̀nà náà, ọ̀rinrin á há sínú, ògiri á sì máa rún lábẹ́lẹ̀.

3. Ẹ wọn ilé, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe sílẹ̀. Nígbà tí iná jó ilé gbígbé Groot Constantia ní 1925, ayàwòrán-ilé Kendall darí àtúnṣe rẹ̀, ó sì kọ ìwé lé e lórí. Ẹni tó bá tún un ṣe lọ́la yóò mọ ohun tó jẹ́ ti àtijọ́ àti ohun tó jẹ́ tuntun.

4. Ẹ má gbọ́kàn lé òfin nìkan. Ní Èkó, ìjọba kéde Ilojo Bar, ilé ọdún 1855 ní Tinubu Square, ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Síbẹ̀, wọ́n wó o palẹ̀ ní 2016. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ilé tí aráàlú ń lò lójoojúmọ́ ni wọ́n máa ń jà fún: ẹ jẹ́ kí ìpàdé, ìgbéyàwó, orin àti ẹ̀kọ́ ọmọdé máa wáyé níbẹ̀.

5. Ẹ fi àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ sínú ìgbìmọ̀. Àwọn tí baba wọn gbin àjàrà náà gbọ́dọ̀ ní ohùn lórí ìtàn tí ẹ ó sọ, kí wọ́n mọ iye owó tó ń wọlé, kí kọ́kọ́rọ́ ilé sì wà lọ́wọ́ wọn.