Oògùn tí kì í jẹrà nínú omi mímu



Gbogbo wa la ti kọ́ pé kí a se omi kí a tó mu ún, tàbí kí a kán omi Javel sí i. Ẹ má fi ẹ̀kọ́ yẹn sílẹ̀. Ó ń pa kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti onígbáméjì. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn lè wà nínú omi tí iná kò lè pa, nítorí pé kò ní ẹ̀mí. Oògùn tí ọmọ aráyé fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni.

Ẹ wo ọbẹ̀ lórí iná. Bí omi rẹ̀ bá ń gbẹ, ṣé iyọ̀ inú rẹ̀ ń dín kù? Rárá. Ńṣe ni iyọ̀ náà ń pọ̀ lẹ́nu sí i. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan nínú àwọn oògùn yìí ṣe ń ṣe nínú omi tí a sè. Omi ń bá ooru lọ, oògùn ń dúró nínú ìkòkò. Ẹ kò lè fi ojú rí i, ẹ kò lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Omi kànga lè mọ́ gaara kí ó ṣì wà níbẹ̀.

Oògùn wo là ń sọ?

Ewé tó bọ́ sílẹ̀ lónìí, kò ní pẹ́ tí yóò fi di ilẹ̀dú. Ìgbẹ́ ẹran náà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ mọ bí òun ṣe ń jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn oògùn kan wà tí ilẹ̀ kì í rí jẹ bọ̀rọ̀. DDT jẹ́ ọ̀kan. Lindane jẹ́ òmíràn: àwọn àgbà tó ti ṣiṣẹ́ oko kòkó ní Nàìjíríà mọ̀ ọ́n sí Gamalin, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń dà á sódò láti fi pẹja. Ẹ̀kẹta ni endosulfan, oògùn òwú.

Òjò á gbá wọn lọ sódò, wọ́n á wọ inú ẹrẹ̀. Kòkòrò inú ẹrẹ̀ á jẹ wọ́n, ẹja á jẹ kòkòrò, àwa náà á jẹ ẹja. Inú ọ̀rá ara wa ni wọ́n ń fara pamọ́ sí. Wọ́n tilẹ̀ lè bá wàrà ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má tìtorí èyí já ọmọ lẹ́nu ọmú: ọmú ṣì ni oúnjẹ tó dára jù fún ìkókó.

Ní 2001, àwọn orílẹ̀-èdè pé jọ ní Stockholm ní ilẹ̀ Sweden, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí irú oògùn bẹ́ẹ̀. Oògùn 12 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ síbẹ̀. DDT wà lára wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì gbà kí a lò ó fún ẹ̀fọn tó ń fa ibà. Wọ́n fi lindane kún un ní 2009, endosulfan ní 2011.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Benin

Ní 1999, wọ́n fún àwọn àgbẹ̀ olówùú ní àríwá ní endosulfan, nítorí pé oògùn àtijọ́ kò pa kòkòrò òwú mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ní agbègbè Banikoara, ọmọkùnrin mẹ́ta lọ ro oko bàbá wọn. Òwú àti àgbàdo ló wà nínú oko náà. Bàbá ti fín oògùn lọ́jọ́ tó ṣáájú, àwọn ọmọ kò mọ̀. Ebi pa wọ́n, wọ́n ya àgbàdo jẹ. Kò pẹ́ tí èébì fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 12, kú. Ìjọba fúnra rẹ̀ ka ènìyàn 37, ó kéré tán, tí oògùn yìí pa ní Borgou ní àkókò òwú 1999 sí 2000.

Ikú bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé ló ń rí i. Ìyókù oògùn tó bá òjò lọ sódò ni ẹnikẹ́ni kì í rí. Odò Ouémé ń ti àríwá ṣàn bọ̀ wá sí ìhà tiwa kí ó tó dé adágún Nokoué. Olùwádìí ọmọ Benin kan, Elisabeth Yehouenou Pazou, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bu ẹrẹ̀, wọ́n mú ẹja láti inú odò náà, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò. Ní 2006 wọ́n tẹ èsì jáde. DDT wà níbẹ̀, endosulfan wà níbẹ̀. Wọ́n ṣírò iye tó ń wọ ara ẹni tó ń jẹ ẹja náà, wọ́n ní ewu rẹ̀ ṣì kéré. Ó yẹ kí a sọ ìyẹn náà. Ìròyìn tó fini lọ́kàn balẹ̀ wúlò bí èyí tó ń bani lẹ́rù.

Bàbá olówó-màlúù kan ní Amẹ́ríkà

Ìtàn yìí jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n ti àgbẹ̀ ni. Wilbur Tennant ń sin màlúù nítòsí ìlú Parkersburg, ní ìpínlẹ̀ West Virginia. Màlúù rẹ̀ tó lé ní 100 kú. Odò kékeré tí wọ́n ń mu ń hó bí omi ọṣẹ. Lókè odò náà ni ilé iṣẹ́ DuPont ń da pàǹtírí sí. Ní 1998 ó lọ bá agbẹjọ́rò kan, Rob Bilott. Àwọn dókítà ẹran yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n ní bàbá ni kò tọ́jú ẹran rẹ̀ dáadáa! Bilott kò gbà. Ó ka ìwé ilé iṣẹ́ náà títí ó fi bá orúkọ kan pàdé: PFOA. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PFAS, tí a ń rí nínú páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, aṣọ tí òjò kì í wọ̀, àti fóòmù tí wọ́n fi ń paná.

PFOA ti wọ omi mímu àwọn ará agbègbè náà. Ṣùgbọ́n kò sí nínú ìwé àwọn kẹ́míkà tí ìjọba ní kí wọ́n máa wá nínú omi, nítorí náà àwọn aláyẹ̀wò ìjọba kò wá a. Ní 2005 sí 2006, nǹkan bí 69,000 ènìyàn jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò. Ní 2012 àwọn onímọ̀ sọ pé kẹ́míkà náà bá àìsàn mẹ́fà tan, lára wọn jẹjẹrẹ kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ ríru aláboyún.

Ẹ̀rọ ń wá ohun tí a bá ní kó wá

Ibí gan-an ni mo fẹ́ kí a dúró sí. Ọ̀pọ̀ wa rò pé bí a bá gbé omi dé ilé àyẹ̀wò, ẹ̀rọ yóò ka gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn kọ̀ọ̀kan ní bí a ṣe ń wá a. Ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò á béèrè pé: kí ni kí n wá? Bí a kò bá ní èsì, ó lè wá èyí tí kò sí, kí ó fi èyí tó wà sílẹ̀.

Nítorí náà, láti inú ìwé àkọsílẹ̀ abúlé ni àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà báyìí lẹ lè ṣe é. Ẹ mú kàyé kan, kí gbogbo abúlé máa kọ ọ́ báyìí:

Ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún. Oògùn koríko. Atrazine. Oko àgbàdo. Ẹsẹ̀ 60 sí kànga.

Ẹ má kọ orúkọ tí oníṣòwò ń pè é ní ọjà nìkan. Ẹ wá orúkọ oògùn gan-an, tí wọ́n máa ń kọ wẹ́wẹ́ sára ike, níbi tí wọ́n kọ "matière active" sí. Ọ̀pọ̀ ike tó ń gba ẹnubodè wọlé, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló wà lára wọn, ó sì máa ń ta èmi tí mo kàwé Faransé lójú. Ẹ ṣáà da lẹ́tà rẹ̀ kọ bó ṣe wà. Atrazine kì í pẹ́ tó DDT, ṣùgbọ́n ó máa ń bá omi wọ kànga, ó yẹ kí a wá òun náà.

Ìwọ̀n tí wọ́n ń wá kéré jọjọ. Ẹ mú hóró ṣúgà kan tó wọn gíráàmù 5, kí ẹ pò ó mọ́ omi dúrọ́ọ̀mù 25,000, dúrọ́ọ̀mù onílítà 200. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí DDT má kọjá nínú omi mímu nìyẹn. Ti PFOA tí Amẹ́ríkà là kalẹ̀ ní 2024 tún kéré sí i ní ìlọ́po 250.

Èyí ló fà á tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi ìgò epo tàbí ike oògùn bu omi àyẹ̀wò. Ilé àyẹ̀wò ni kó fún wa ní ìgò tirẹ̀: onígíláàsì ni fún oògùn oko, oníke ni fún PFAS. Ẹni tó fọwọ́ kan oògùn lọ́jọ́ náà kò gbọ́dọ̀ bu ú. Bó bá jẹ́ pọ́ǹpù ni, ẹ jẹ́ kí omi kọ́kọ́ ṣàn fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti orúkọ kànga sára ìgò, kí ẹ kó o sínú yìnyín, kúrò lójú oòrùn, kí ó sì tètè dé ilé àyẹ̀wò. Àsìkò tó dára jù ni ìgbà tí òjò ńlá bá kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn tí a fín oògùn.

Abúlé kò lè dá owó rẹ̀ san. Ní 1999, òfin lórí kọmúùnù fi ọ̀rọ̀ omi mímu sí ọwọ́ kọmúùnù nígbà náà, àṣẹ ìjọba ti ọjọ́ 20 oṣù kejì 2001 sì sọ bí omi mímu ṣe gbọ́dọ̀ rí ní Benin. Ẹ gbé kàyé náà lọ bá olórí àrọ́ńdísímáà ní Ahoyéyé, kí ó bá yín gbé e dé méèrì ní Pobè. Ẹni tó mú àkọsílẹ̀ wá ṣòroó lé padà.

Kí èsì tó dé, ẹ má fọ ẹ̀rọ tí a fi ń fín oògùn lẹ́bàá kànga. Inú oko ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fín omi rẹ̀ sórí oko náà. Ẹ má pọnmi sínú ike oògùn, bí ẹ tilẹ̀ fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́wàá.

Àwọn ìbéèrè tí a óò jọ jíròrò

1. Kí ló dé tí omi sísè kò tó láti yọ oògùn oko kúrò?
2. Oògùn mélòó ni wọ́n fín ní àyíká kànga yín lọ́dún yìí? Ẹ dárúkọ wọn.
3. Ta ni yóò máa tọ́jú kàyé náà ní abúlé yín?
4. Ẹ mú ike oògùn kan tí ó ṣófo, ẹ jọ wá orúkọ oògùn náà lára rẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn náà.