OMI GBÍGBÓNÁ LÁRA ÌYÁ ÌKÓKÓ: NÍBO NI EWU RẸ̀ WÀ?

Ẹ̀kọ́ ìlera la fẹ́ jọ kọ́ lọ́sẹ̀ yìí.

Nílẹ̀ Ẹ̀gbá níbí, bí obìnrin bá bímọ, màmá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ á wá bá wọn tọ́jú ọmọ. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n á ki táwẹ̀lì bọ omi gbígbóná, wọ́n á fún un, wọ́n á fi tẹ ìyá ìkókó níkùn. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn kan ń sanwó ní Èkó kí wọ́n lè fi òkúta gbígbóná wọ́ wọn lẹ́yìn. Iṣẹ́ kan náà ni ooru ń ṣe: ó ń jẹ́ kí òpó ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, kí iṣan tó le dẹ̀, kí ara fúyẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ló jẹ́ kí n kọ èyí. Nígbà tí Àǹtí mi bímọ, ìyá àgbà wa ń fi omi tẹ̀ wọ́n níkùn. Àǹtí mi ń fún ojú pọ̀, wọn ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó di alẹ́, ikùn wọn ti lé ròrò. Mo ní kí ló dé tẹ́ ò pariwo? Wọ́n ní, "Ṣé kí n máa bá ìyá àgbà jiyàn ni?"

Bí ooru ṣe ń jóni

Omi tó ń hó lórí iná tó ìwọ̀n 100 Celsius. Omi tó jẹ́ ìwọ̀n 60 lè bó àgbàlagbà lára láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 5. Kódà, ìwọ̀n 49 lè jóni bó bá pẹ́ lára tó ìṣẹ́jú 10. Nítorí náà, kì í ṣe gbígbóná nìkan. Bó ṣe pẹ́ tó lójú kan náà ńkọ́?

Àwọn tó yẹ kó ṣọ́ra jù

1. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kó tó bímọ. Ojú ọgbẹ́ lè kú tipiri, kò ní tètè mọ̀ pé òun ń jó.
2. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má mọ ooru mọ́.
3. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú tó sì ń dùn ún. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀. Bí wọ́n bá wọ́ ọ, ó lè ṣí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.
4. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ púpọ̀, tàbí tí ibà mú. Ọsibítù ló kàn, bíi FMC ní Ìdí-Àbà tàbí Sacred Heart ní Lántòrò, kì í ṣe omi gbígbóná.

Ẹ má gbàgbé pé ilé ọmọ máa ń sún kì fúnra rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6. Ọmú tí ọmọ ń mu sì ń ràn án lọ́wọ́.

Bí omi bá ti jóni ńkọ́?

Ẹ da omi tútù tó ń ṣàn sí i fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á. Bó bá lé ròrò, ẹ lọ sí ọsibítù.

Mi ò ní kẹ́ ẹ kọ iṣẹ́ àwọn ìyá wa sílẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ ló mọ bó ṣe ń ṣe é, ẹ jẹ́ kó lẹ́nu ọ̀rọ̀. Nílé wa báyìí, ìyá àgbà á kọ́kọ́ ki ìgbúnwọ́ bọ omi náà, wọ́n á wá bi Àǹtí mi pé, "Ṣé kò ta ọ́ jù?" Bí Àǹtí mi bá ní ó ń ta àwọn, ìyá àgbà á bu omi tútù lé e.