Àtọ̀gbẹ, Ìtọ̀ Ṣúgà àti Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Àwọn tí Ń Wọn Ṣúgà Ara Wọn Lójoojúmọ́

Ìfáárà

Láti ìgbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, pàápàá láti ọdún 1970 tí ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ìbéèrè méjì ni wọ́n sábà máa ń bi ọ̀rọ̀ titun kọ̀ọ̀kan: ǹjẹ́ ó bá òfin ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mu, ǹjẹ́ ó sì rọrùn láti pè? Ìbéèrè méjèèjì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn àìlera, ẹ̀kẹta kan wà tí ó wúwo jù wọ́n lọ: kí ni ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti gbọ́ ọ tán? Àtọ̀gbẹ ni àìsàn tí ó fi ìbéèrè yìí hàn kedere jù lọ, nítorí pé ọwọ́ ẹni tí ó ní in gan-an ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú rẹ̀ wà. Dókítà lè rí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń jẹun, tí ó ń lo oògùn, tí ó sì ń gún ìka ara rẹ̀ láti wọn ṣúgà ní gbogbo ọjọ́ tí ó wà láàárín.

Orúkọ méjì, èrò méjì

Orúkọ méjì ni ó gbajúmọ̀ fún àìsàn yìí lẹ́nu àwọn Yorùbá: àtọ̀gbẹ àti ìtọ̀ ṣúgà. Ìṣẹ̀dá àtọ̀gbẹ kò fara sin. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ṣáájú, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, tọ̀ àti gbẹ, sì tẹ̀ lé e: ìtọ̀ tí ń jáde títí ara fi gbẹ. Ó yẹ kí èyí ya akẹ́kọ̀ọ́ èdè lẹ́nu, nítorí pé Aretaeus, oníṣègùn ará Kapadókíà tí ó kọ̀wé ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ikú Olúwa, sọ nípa àìsàn kan náà pé ẹran ara àti ẹsẹ̀ òun apá ni ó ń yọ́ dà sínú ìtọ̀. Orúkọ tí àwọn Gíríìkì fún un, èyí tí àwọn èdè Yúróòpù ṣì ń lò, túmọ̀ sí ohun tí ń gba inú nǹkan ṣàn kọjá. Kò sí ẹ̀rí pé ẹnì kan kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ohun kan náà ni ojú wọ́n rí.

Ìtọ̀ ṣúgà ní tirẹ̀ kò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ àyálò ni ṣúgà. Ṣùgbọ́n àkíyèsí tí ó bí i ti pẹ́ láyé. Àwọn oníṣègùn Íńdíà àtijọ́ pè é ní ìtọ̀ olóyin, wọ́n sì ti ṣàkíyèsí pé èèrà máa ń ṣù bo ìtọ̀ bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, ojú èèrà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń wò títí di òní.

Ní ọdún 1776, Matthew Dobson, oníṣègùn kan ní ìlú Liverpool, gbé ìtọ̀ aláìsàn kaná títí omi rẹ̀ fi gbẹ. Ohun funfun tí ó ṣẹ́kù dùn bíi ṣúgà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó rí i pé omi ara ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà dùn pẹ̀lú. Èyí fi hàn pé kì í ṣe kíndìnrín ni ó ń ṣe ṣúgà. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ṣúgà ti kọ́kọ́ pọ̀ kí ó tó ṣàn dé inú ìtọ̀.

Níhìn-ín ni orúkọ kejì ti ń dá wàhálà sílẹ̀. Kíndìnrín ènìyàn máa ń dá ṣúgà padà sínú ẹ̀jẹ̀ títí ìwọ̀n rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí 180 mílígíráàmù nínú désílítà kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú ìtọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ìwọ̀n tirẹ̀ bá ti tó 126 kí ó tó jẹun láàárọ̀, tí àyẹ̀wò kejì sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ti ní àtọ̀gbẹ ní ti òfin ìṣègùn òde òní. Nítorí náà, ènìyàn lè wà láàárín 126 àti 180 fún ọdún púpọ̀, kí èèrà kankan má sì sún mọ́ ìtọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n sọ fún un pé ó ń ṣe é, kí ni yóò ṣe lọ́jọ́ tí ó bá wo ilẹ̀ tí kò rí èèrà? Yóò ní òun ti sàn. Yóò gbé oògùn jù sí ẹ̀gbẹ́ kan, nígbà tí ojú, kíndìnrín àti iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bàjẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀.

Ó dára, nígbà náà, kí àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè fi àtọ̀gbẹ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ àìsàn náà, kí wọ́n sì dá ìtọ̀ ṣúgà padà sí ipò tí ó yẹ ẹ́, ìyẹn ni pé kí ó jẹ́ orúkọ àmì kan ṣoṣo lára àwọn àmì rẹ̀. Lóòótọ́, àtọ̀gbẹ náà ti ara ìtọ̀ wá, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní in lóde òní kò sì gbẹ rárá, wọ́n sanra ni. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ kò sọ ibi tí ènìyàn yóò máa wò bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òún ti sàn. Ìtọ̀ ṣúgà ń sọ ọ́, ó sì ń ṣini lọ́nà.

Ṣúgà tàbí gúlúkóòsì?

Lẹ́nu Yorùbá, ṣúgà ni ohun tí wọ́n ń dà sínú ògì. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kí ó dín ṣúgà kù yóò fi ìgbéraga sọ pé òun kò fi kan ẹnu mọ́, yóò sì jókòó ti òkìtì ẹ̀bà. Gbágùúdá, iṣu, ìrẹsì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ibaa jẹ́ dúdú, ni ara ń sọ di irú ṣúgà tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀. Onímọ̀ kẹ́míísìrì yóò ní gúlúkóòsì ni ó yẹ kí wọ́n máa pè é, òótọ́ sì ni ó sọ. Ṣùgbọ́n gúlúkóòsì ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ lójà: ìyẹ̀fun inú agolo tí wọ́n ń pò fún ẹni tí ó rẹ̀. Bóyá ohun tí ó bọ́gbọ́n mu jù ni kí ọ̀rọ̀ náà má ṣe dá dúró rárá. Kí ó jẹ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ nígbà gbogbo, kí gúlúkóòsì sì wà fún ìwé kẹ́míísìrì.

Ewu inú ọ̀rọ̀ náà "wálẹ̀"

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ẹ̀kọ́ yìí, èyí tí ó yẹ kí atúmọ̀ èdè ṣọ́ra fún jù ni orúkọ ipò tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ìyẹn ni nígbà tí ó bá dín sí 70 mílígíráàmù nínú désílítà kan. Òógùn yóò bo ẹni náà, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, ebi yóò máa pa á, àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkì. Bí kò bá sì tètè rí ìrànlọ́wọ́, ó lè dákú, ó sì lè kú. Ínsúlíìnì àti díẹ̀ lára àwọn oògùn oníhóró ni ó sábà máa ń fà á, pàápàá bí ẹni náà bá lo oògùn tí kò jẹun.

Ìtumọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni ìwálẹ̀ ṣúgà tàbí ìdínkù ṣúgà. Bí a bá fi ojú gírámà wò ó, kò sí àléébù lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó ti ń bá àtọ̀gbẹ jà, "ṣúgà mi ti wálẹ̀" jẹ́ ìròyìn ayọ̀; ọpẹ́ ni ó ń mú wá. Bí ìwé ìlera bá wá kọ ọ́ pé "bí ṣúgà yín bá wálẹ̀, ẹ tètè wá dókítà," òǹkàwé lè rò pé dókítà fẹ́ bá òun yọ̀ ni. Ó sàn púpọ̀ kí ó jẹ́ àìtó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kí èkejì rẹ̀ sì jẹ́ àpọ̀jù ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Kò sí Yorùbá tí ó gbọ́ àìtó tí inú rẹ̀ ń dùn. Bákan náà, ẹni tí ó gbọ́ pé nǹkan kò tó ti mọ ohun tí yóò ṣe: yóò fi kún un. Ìtọ́jú rẹ̀ gan-an sì nìyẹn: nǹkan bí gíráàmù 15 ṣúgà, ìyẹn síbí kékeré mẹ́ta sí mẹ́rin tí wọ́n pò mọ́ omi, bí ẹni náà bá ṣì lè gbé nǹkan mì, kí ó dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì tún un wọ̀n.

Ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ àti ìwọ̀n

Wíwọn ṣúgà nínú ilé kò tíì pẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàwárí ínsúlíìnì ní Toronto ní 1921, ìtọ̀ ni àwọn aláìsàn ṣì ń yẹ̀ wò nílé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ẹ̀rọ ìwọn-ṣúgà àkọ́kọ́ jáde ní nǹkan bí ọdún 1970 ní Amẹ́ríkà, dókítà àti ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n ń tà á fún. Richard Bernstein, ẹnjiníà kan tí ó ti ní àtọ̀gbẹ láti ọmọdé, rí ọ̀kan gbà nítorí pé dókítà ni ìyàwó rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ara rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, ó sì fi ohun tí ó rí tún oúnjẹ àti oògùn rẹ̀ ṣe. Àwọn oníṣègùn kò fẹ́ gbọ́ tirẹ̀, ni ó bá lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà lẹ́yìn tí ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún. Ó kú ní 2025, ó ti pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún.

Fún àwọn ohun èlò náà, ẹ̀rọ ìwọn-ṣúgà, abẹ́rẹ́ ìgúnka àti pélébé ìyẹṣúgàwò tó. Wọn kò fa àríyànjiyàn. Orúkọ àkókò ni ó le. "Ṣúgà àwẹ̀" tí àwọn kan ń kọ kò dára, nítorí pé àwẹ̀ jẹ mọ́ ẹ̀sìn. Mùsùlùmí tí ó jẹ sààrì ní aago márùn-ún tí wọ́n wọ̀n ní aago mẹ́jọ ń gbààwẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì pé wákàtí 8 tí àyẹ̀wò náà ń béèrè. Ìwọ̀n inú-òfìfo ni ó yẹ. Èkejì rẹ̀ ni ìwọ̀n ẹ̀yìn-oúnjẹ, èyí tí wọ́n ń ka wákàtí rẹ̀ láti orí òkèlè àkọ́kọ́, kì í ṣe láti ìgbà tí wọ́n fọwọ́. Ìwọ̀n kan sì tún wà tí ilé àyẹ̀wò ń ṣe, tí ó ń sọ bí ṣúgà ti rí fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, nítorí pé ṣúgà máa ń lẹ̀ mọ́ ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀, tí í máa wà láàyè fún nǹkan bí ọjọ́ 120. Ìwọ̀n àlẹ̀mọ́-ṣúgà lè ṣe orúkọ fún un.

Òǹkà náà kò gbọdọ̀ dá dúró láìsí òṣùwọ̀n rẹ̀. Mílígíráàmù nínú désílítà ni Amẹ́ríkà ń lò. Mílímóòlù nínú lítà ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò. Méjèèjì ni ó ń fojú hàn ní Nàìjíríà. Ọ̀nà 18 ni ó wà láàárín wọn. Bí ẹ̀gbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù bá sọ fún àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ pé tòun jẹ́ 10, tí ẹ̀rọ àbúrò sì kọ 110, àbúrò lè fi omijé sùn, bẹ́ẹ̀ sì ni 180 ni ti ẹ̀gbọ́n bí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n kan náà wọ̀n ọ́n.

Àtìlẹ́yìn alábàárìn

Ní 1934, R. D. Lawrence, dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ínsúlíìnì gbà lọ́wọ́ ikú ní 1923, àti H. G. Wells òǹkọ̀wé, tí òun náà ní àtọ̀gbẹ, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí aláìsàn àti dókítà jọ wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ni ó ń jẹ́ Diabetes UK lónìí. Irú ìrànlọ́wọ́ tí àwọn tí ó ní àìsàn kan náà ń ṣe fún ara wọn yìí kò tíì ní orúkọ tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Yorùbá. Àwọn kan lè dábàá ojúgbà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí wà nínú ojúgbà. Ọmọbìnrin ẹni ọdún 25 tí ó ti ń gún ínsúlíìnì láti kékeré lè ní ohun púpọ̀ tí yóò fi han bàbá ẹni ọdún 60 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún. Bí wọ́n bá pè é ní ojúgbà bàbá, àfojúdi ni, bàbá kò sì ní í padà wá. Alábàárìn kò ka ọjọ́ orí. Ọmọbìnrin náà lè wí pé, "Bàbá, mélòó ni ẹ̀rọ yín kọ láàárọ̀ yìí?" kí bàbá sì dá a lóhùn láìsí pé ọ̀wọ̀ ẹnikẹ́ni bàjẹ́. Ààlà wà níbẹ̀ o: alábàárìn lè sọ bí àmàlà ti ṣe sí òun, kò gbọdọ̀ sọ iye oògùn tí ẹlòmíràn yóò lò.

Ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń gbé wá síbi ìpàdé bẹ́ẹ̀ jọ káàdì alájọ: ojúlé kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àmì kan lẹ́yìn òmíràn. Ìyàtọ̀ kan wà tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ tẹnu mọ́. Lórí káàdì alájọ, ìtìjú ni ojúlé tí ó ṣófo, nítorí náà ni àwọn kan fi ń hùmọ̀ òǹkà sínú ìwé ṣúgà lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìpàdé dókítà. "Ìwọ̀n dáadáa" àti "ìwọ̀n burúkú" tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń sọ ń fi kún ìtìjú yìí, ó sì ń sọ òǹkà di ẹjọ́. Ó ga, ó tó, kò tó: ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Kí ojúlé tí wọn kò wọ̀n wà ní òfìfo, kí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: pélébé tán, owó kò sí, ìnáwó ni wọ́n lọ.