Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ÀGBÀ ÌJỌ: ỌMỌ ILÉ ÒRUKÀN, TA NI Ó Ń KÌ Í?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó máa ń ru ìrẹsì, ọṣẹ àti aṣọ lọ sí ilé ọmọ òrukàn nígbà Kérésìmesì tàbí lẹ́yìn ìkórè. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tòní kì í ṣe ti ikùn, ti ọkàn ni.

Ọmọ kékeré lè gba bisikíìtì kí ó sì máa jó. Ọmọ ọdún 14 kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti ń bi ara rẹ̀ pé, “Ta ni mí? Èé ṣe tí wọn kò fi mú mi sọ́dọ̀?” Nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ni òbí wọn ti kú o, ìyá tàbí bàbá ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè, òṣì tàbí àìsàn ló gbé ọmọ débẹ̀. Bí ọmọ kò bá rí ẹni dá a lóhùn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dáhùn, yóò sì ní òun ni òun kò níyì. Láti ibẹ̀ ni òmíràn ti ń dákẹ́ jẹ́ẹ́, tí òmíràn ń jà kiri, tí òmíràn sì ń lẹ̀ mọ́ àlejò tí kò mọ̀ rí. Àwa a ní, “Olóríkunkun ni.” Rárá, ọgbẹ́ ni.

Ẹnì kan lè wí pé, bí ọmọ bá ti jẹun, tó ń lọ sílé ìwé, kí ló tún kù? Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Romania. Ní 1966, Ceaușescu, olórí ibẹ̀, fi òfin de oyún ṣíṣẹ́ kí ènìyàn lè pọ̀. Nígbà tí ìjọba rẹ̀ ṣubú ní 1989, ọmọ tó lé ní 100,000 ni a bá nínú ilé ìjọba. Lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀mọ̀wé láti Amẹ́ríkà mú ọmọ kéékèèké 136 ní Bucharest, wọ́n ṣẹ́ kèké: ìdajì lọ sílé alágbàtọ́, ìdajì kò lọ. Wọ́n tẹ̀lé wọn títí wọ́n fi di ọ̀dọ́langba. Àwọn tó lọ sílé alágbàtọ́ sàn jù, pàápàá àwọn tí a tètè mú lọ àti àwọn tí a kò ṣí kúrò lọ́dọ̀ alágbàtọ́ kan náà. Ẹ gbọ́ ná: ẹnì kan náà, tí kò lọ.

Àwa Yorùbá sì ní oríkì. Bí ìyá bá jí ọmọ láàárọ̀, tó pè é ní Àdùkẹ́ tàbí Àjàní, orí ọmọ a wú. Níbi tí ogójì ọmọ bá wà lábẹ́ òrùlé kan, “Ìwọ yìí, wá!” ni ó máa ń gbọ́. Bí a kò bá mọ ìdílé rẹ̀, kí a má ṣe purọ́ oríkì orílẹ̀ fún un, yóò mọ̀ bó pẹ́ bó yá. Ṣùgbọ́n oríkì àbísọ kò béèrè ìdílé. Bó bá jẹ́ ọmọ Ègùn tàbí Fọ̀n, ẹ wá àgbà èdè rẹ̀, àwọn náà ní tiwọn.

Nítorí náà, ìyá tó bá fẹ́ ṣe é, kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ olórí ilé náà, kí ó mú ọmọ kan tàbí méjì péré, kí ó máa lọ lóṣooṣù. Kí ó bi í nípa ìwé rẹ̀, kí ó rántí ohun tó sọ níjelòó. Bí kò bá lè wá mọ́, kí ó sọ fún un lójú, kí ó má kàn parẹ́. Ẹ má sì ṣe tò wọ́n síwájú ìjọ láti ya fọ́tò pẹ̀lú àpò ìrẹsì. Ọmọ ọdún 15 mọ ìtìjú, àbí ọmọ tiyín kò mọ̀ ọ́n?

Ó ku ìwé ìbí. Òfin ọmọdé tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní 2015 fún gbogbo ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ àti ìwé ìbí. Ọ̀dọ́langba tí kò ní in a máa bẹ̀rù ọjọ́ tí wọn yóò béèrè rẹ̀ fún ìdánwò. Ẹ̀yin ará tó ń ṣiṣẹ́ ní mẹ́rì, ẹ béèrè iye ọmọ tí kò ní in, kí ẹ sì bá wọn sáré rẹ̀ kí ọdún ìwé tó parí.