Ṣé kí n dá BIOS padà sí ti àtijọ́ kí purosẹ́sọ̀ mi lè sáré sí i?

ÌBÉÈRÈ

Òṣogbo ni mo wà. Fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú ni mo ń gé jẹun, mo sì máa ń gbá géèmù bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ kan ni mo rà ní Computer Village, Ìkẹjà. Core i5-6400 ló wà nínú rẹ̀, mọ́dàbọ́ọ̀dù ASRock Z170 ni, ó sì ní káàdì àwòrán lọ́tọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní bí mo bá lè dá BIOS rẹ̀ padà sí ti nǹkan bí ìparí ọdún 2015, purosẹ́sọ̀ mi tó jẹ́ 2.7 GHz á sún mọ́ 4 GHz láìná kọ́bọ̀. Ti ọdún 2018 ló wà lórí rẹ̀ báyìí. Ẹ̀rù ń bà mí, torí mo gbọ́ pé irú ìdápadà bẹ́ẹ̀ máa ń pa mọ́dàbọ́ọ̀dù, ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí kò fi ní bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́?
Agéfídíò, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́. Àmọ́ ó fi apá kan ọ̀rọ̀ sílẹ̀, apá yẹn gan-an ló sì kan iṣẹ́ tí o fi ń jẹun. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún 2015 ni Intel gbé àwọn purosẹ́sọ̀ Skylake jáde. Èyí tí lẹ́tà K bá kẹ́yìn orúkọ rẹ̀, bíi i5-6600K, ni wọ́n gbà kí ẹni tó rà á fi kún eré rẹ̀. Tìrẹ kò ní K, wọ́n ti tì í pa. Ronú onílù àti oníjó. Mọ́dàbọ́ọ̀dù ló ń lùlù, ìlù mílíọ̀nù 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òun ni wọ́n ń pè ní BCLK. Purosẹ́sọ̀ rẹ ń gbé ẹsẹ̀ 27 sí ìlù kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni 2.7 GHz ti wá. Iye ẹsẹ̀ yẹn ni Intel tì. Bí ìlù bá wá di 148, ẹsẹ̀ 27 kan náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 4 GHz. Láti Sandy Bridge títí dé Haswell, ọgbọ́n yìí kò lè lọ jìnnà, nítorí pé PCIe, ọ̀nà tí káàdì àwòrán ń gbà bá purosẹ́sọ̀ sọ̀rọ̀, ń jó sí ìlù kan náà, á sì dàrú bí a bá fi díẹ̀ kún un. Skylake ló wá fún PCIe ní ìlù tirẹ̀.

Lóṣù kejìlá ọdún yẹn ni àwọn tó ń ṣe mọ́dàbọ́ọ̀dù rí àlàfo náà. ASRock sọ tirẹ̀ ní SKY OC, wọ́n sì gbé BIOS tó ní in síta fún àwọn bọ́ọ̀dù Z170 wọn. Inú Intel kò dùn sí i. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2016, ASRock ti kó o kúrò nílẹ̀, àwọn BIOS tó tẹ̀ lé e sì gbé microcode tuntun dání, ìyẹn àwọn àṣẹ kéékèèké tí BIOS ń kó sínú purosẹ́sọ̀ nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ. Wọ́n fi ìyẹn dí àlàfo. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo BIOS àtijọ́ ló lè ṣe iṣẹ́ yìí. Èyí tó jáde ṣáájú SKY OC kò ní in, èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ti pàdánù rẹ̀.

Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ kò sọ rèé. Bí SKY OC bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yà àwòrán tó wà nínú purosẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tó bá so mọ́nítọ̀ mọ́ ẹ̀yìn mọ́dàbọ́ọ̀dù á rò pé ẹ̀rọ ti kú. Ìwọ ní káàdì lọ́tọ̀, wàá ṣì máa ríran. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀yà àwòrán yẹn ni Quick Sync wà, èyí tí Premiere Pro àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò láti tètè ka fídíò H.264 kí wọ́n sì tètè gbé e jáde. Turbo, ìyẹn eré tí purosẹ́sọ̀ máa ń fi kún tirẹ̀ fúnra rẹ̀, náà á lọ. Purosẹ́sọ̀ kò ní mọ bí a ṣe ń sinmi mọ́ bí kò bá síṣẹ́, á kàn máa jẹ iná. Ìwọ̀n ooru tí wọ́n ń kà fún kóòrù kọ̀ọ̀kan á di irọ́, ti purosẹ́sọ̀ lápapọ̀ nìkan ni wàá lè máa wò.

Gbogbo ìyẹn ṣì ṣeé fara dà. AVX lèmi ń tìtorí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn àṣẹ AVX, èyí tí purosẹ́sọ̀ fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ìṣirò lẹ́ẹ̀kan náà, máa ń falẹ̀ gidigidi lábẹ́ SKY OC, àwọn ètò tó ń fún fídíò pọ̀, bíi x264 àti x265, sì gbára lé AVX kí wọ́n lè yára. O lè rí 4 GHz lójú mọ́nítọ̀ kí fídíò ìgbéyàwó kan náà sì pẹ́ ju bó ṣe ń pẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Fún géèmù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ géèmù ìgbà yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ lo AVX, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbá géèmù fi gba ti SKY OC.

Wo ohun tí o máa jù nù náà. Lóṣù kìíní ọdún 2016, Intel gbà pé Skylake lè gan bí iṣẹ́ ìṣirò kan bá wúwo lórí rẹ̀. Àwọn tó ń fi Prime95 wá nọ́ńbà ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀. Inú BIOS ni àtúnṣe rẹ̀ gbà wọlé. Lóṣù kìíní ọdún 2018, ìròyìn Meltdown àti Spectre, àwọn àlàfo ààbò inú purosẹ́sọ̀, jáde, àwọn BIOS ọdún náà sì gbé ààbò dání. Windows àti Linux lè kó microcode tuntun wọlé fúnra wọn, ṣùgbọ́n n kò ní fi kọ̀ǹpútà tí mò ń fi wọ báńkì sábẹ́ BIOS ọdún 2015.

Tí o bá ṣì fẹ́ ṣe é, bóyá nítorí géèmù, gbọ́ bí èmi ṣe máa ṣe é.

Orísun fáìlì ni kí o kọ́kọ́ yanjú. Orí ìkànnì ASRock fúnra rẹ̀ ni kó ti wá, lábẹ́ orúkọ bọ́ọ̀dù rẹ gan-an, kì í ṣe èyí tó jọ ọ́: Z170 Pro4 àti Z170 Pro4S kì í ṣe ọ̀kan. Ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ BIOS kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sí ketekete pé ẹni tó bá ti fi í sí i kò lè padà sẹ́yìn mọ́. Níwọ̀n bí ASRock ti kó SKY OC nílẹ̀, ẹ̀dà tí wàá rí káàkiri lè jẹ́ ti ẹni tí o kò mọ̀. BIOS ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó jí, bí ìkà bá ki nǹkan bọ inú rẹ̀, agbára káká ni ètò tó ń mú kòkòrò kọ̀ǹpútà fi máa rí i. Bí o kò bá lè fìdí orísun rẹ̀ múlẹ̀, fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, wá ọ̀nà àbọ̀ kí o tó lọ. Ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, wá ṣíìpù BIOS, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Bí ó bá jókòó sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ṣeé yọ, ó sì ṣeé pààrọ̀. Bí wọ́n bá jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, ẹni tó ní CH341A, ẹ̀rọ kékeré tó ń kọ BIOS tààrà sínú ṣíìpù, àti ìdè rẹ̀ ló lè gbà ọ́ bí nǹkan bá yíwọ́. Wá onítọ̀hún rí kí o tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Bi í bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ ń fi 3.3 V ṣiṣẹ́ lójú gbogbo wáyà, torí àwọn CH341A dúdú kan wà tó ń ti 5 V wọnú ṣíìpù. Ní kó kọ́kọ́ ka ohun tó wà nínú ṣíìpù náà sílẹ̀ fún ọ. Àdírẹ́ẹ̀sì MAC bọ́ọ̀dù rẹ lè wà níbẹ̀, kò sì sí nínú fáìlì tí a gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní ti iná, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni kíkọ BIOS ń gbà, bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ló máa wà nínú ṣíìpù, ẹ̀rọ kò sì ní tan mọ́. Má fọkàn tán jẹnẹrétọ̀ nìkan, epo lè tán. Ínfátà míì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gba iṣẹ́, díẹ̀ yẹn sì tó láti pa kọ̀ǹpútà. UPS ni kí o lò, kí o sì kọ́kọ́ dán an wò: tan kọ̀ǹpútà, yọ okùn UPS kúrò lára ògiri, kí o wò ó bóyá á gbé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. UPS tí bátìrì rẹ̀ ti kú pọ̀ ní ọ́fíìsì àti ilé wa, wọ́n kàn ń hàn bí ẹni pé wọ́n wà láàyè ni.

Ya fọ́tò gbogbo ètò inú BIOS rẹ, pàápàá bóyá AHCI tàbí RAID ni SATA wà, torí bí ìyẹn bá yí padà, Windows lè kọ̀ láti jí. Bí BitLocker, èyí tó ń ti fáìlì Windows pa, bá wà, dá a dúró ná, kí o sì kọ kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà rẹ̀ sínú ìwé. Fi fáìlì sórí fíláàṣì FAT32, kí o gba inú BIOS lo Instant Flash. Má ṣe é láti inú Windows. Bí Instant Flash bá ní òun kò gba BIOS tó ti pẹ́ jù, ìdáhùn nìyẹn, má fipá mú un. Bó bá gbà, pa CMOS rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ lọ́tun.

Ìlù rámù náà lò ń mú yára sí i o. DDR4-2133 á kọjá 3100 bí BCLK bá di 148, nítorí náà dín iye ẹsẹ̀ tí rámù ń gbé sí ìlù kọ̀ọ̀kan kù ṣáájú. Máa fi 5 MHz kún BCLK lẹ́ẹ̀kan, kí o sì dán an wò kí o tó tún fi kún un. Nínú ooru tiwa yìí, èmi kò ní gbé fóltéèjì purosẹ́sọ̀ kọjá 1.35 V, fáànù kékeré tó bá i5-6400 wá kò sì tó iṣẹ́ yẹn.

Ní tèmi, n kò ní ṣe é sí ẹ̀rọ tí mo fi ń jẹun. i7-6700 tòkúnbọ̀ máa wọ bọ́ọ̀dù kan náà lórí BIOS tí o ní yìí, ó lè gbé iṣẹ́ mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà níbi tí tìrẹ ti ń gbé mẹ́rin. Bó bá jẹ́ pé eré lo fẹ́ fi kún un, i5-6600K wà, kò ní kí o dá ohunkóhun padà.

Èyí tí kò náni ní kọ́bọ̀ ṣì wà. Bí káàdì bá ti wà lára bọ́ọ̀dù, BIOS máa ń sábà pa ẹ̀yà àwòrán Intel, Quick Sync á sì máa sùn láti ọjọ́ tí o ti rà á. Wọ BIOS, lọ sí Advanced, kí o lọ sí Chipset Configuration, wá IGPU Multi-Monitor, kí o tan án. Fi driver Intel sí Windows, kí o yan hardware encoding nínú Premiere, lẹ́yìn náà kí o tún gbé fídíò tí o gbé jáde lánàá jáde, kí o fi aago wé e.