Ọmọ Tí Ó Ní Ìka Mẹ́fà

Olúgbódi ni àwọn baba wa ń pe ọmọ tí ó mú ìka mẹ́fà wá sí ayé. Orúkọ àmútọ̀runwá ni, gẹ́gẹ́ bí Ìgè àti Àjàyí. Kò ṣọ̀wọ́n láàárín àwa ènìyàn dúdú, ẹ̀gbẹ́ ìka ọmọńdinrín ni ó sì máa ń hù sí jù lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi ìyá ọmọ léèrè ohun tí ó jẹ tàbí ibi tí ó rìn sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹjọ oyún ni ọwọ́ ń yọ tí ìka sì ń pínyà, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tilẹ̀ tíì mọ̀ dájú pé àwọn lóyún. Nígbà púpọ̀ ó ń bẹ nínú ìran.

Ìdí ìka náà ni kí òbí wò. Ní ọdún 1978 àwọn onímọ̀ méjì, Temtamy àti McKusick, pín in sí oríṣi méjì. Ti ìṣáájú ní egungun àti oríkèé, ó sì dúró bí ìka tòótọ́. Ti ìkejì jẹ́ ẹran kékeré tí ń mì dirodiro lórí awọ tẹ́ẹ́rẹ́.

Èyí tí ń mì yìí ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Àwọn àgbà a máa so òwú mọ́ ọn ní ìdí títí yóò fi gbẹ tí yóò sì já bọ́. Ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú awọ náà, àti iṣan tí ń gbé ìrora. Ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn, egbò lè kẹ̀, àrùn ipá sì lè gba ibẹ̀ wọlé, èyí tí í di ọmọ tuntun lẹ́nu tí kò fi ní lè mu ọmú. Bí ó tilẹ̀ bọ́ nínú ewu wọ̀nyí, kókó kékeré a máa kù síbẹ̀, tí yóò máa dùn ún nígbà tí ó bá dàgbà tí ó di ọkọ́ mú. Dókítà a fún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ó mọ ìrora, a gé e láti ìdí, a sì rán an.

Oríṣi tí ó ní egungun kò rọrùn bẹ́ẹ̀. A ó ya àwòrán egungun, a ó sì dúró kí ọmọ tó nǹkan bí ọdún kan kí ó tó gba oògùn oorun. Nígbà mìíràn iṣan kan náà ni ó ń gbé ìka méjèèjì; dókítà ní láti tú u kúrò lára èyí tí a gé, kí ó sì so ó mọ́ èyí tí ó kù.

Bí àtàǹpàkò ni ó di méjì, ẹ má ṣe kánjú. Wassel pín in sí ọ̀nà méje ní ọdún 1969, gẹ́gẹ́ bí ibi tí egungun ti là, nítorí a máa ń fi apá kan èyí tí a gé tún èyí tí ó kù ṣe. Ta ni yóò kọ ebè láìsí àtàǹpàkò tí ó lágbára?

Ìka tí ó lẹ̀ pọ̀ ńkọ́? A kì í là á tààrà bí aṣọ. Awọ tí a mú láti ibòmíràn lára ni a sábà fi ń bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò fà pọ̀ bí ó ti ń jiná.

Ará Ṣakí lè mú ọmọ lọ sí Ilé-Ìwòsàn Onítẹ̀bọmi ìlú wọn fún àyẹ̀wò. Ará Ìsẹ́yìn lè tọ UCH lọ ní Ìbàdàn, èyí tí a ṣí ní ọdún 1957. Bí ẹnìkan bá ti so òwú kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ má ṣe fi pamọ́ fún dókítà.